Ta Ló Máàrì Màmá Mi?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ki ara mi ní oríkì, torí bí mi ò bá ki ara mi, ta ni yóò kì mí? Èmi ni Olúwafọlákẹ́mi Ọláwuyì, Àṣàkẹ́ ọmọ Ìlá, Atú-gírámà-ká-bí-adìẹ-ṣe-ń-tú-ààtàn, Olówó-orí-ọ̀rọ̀-ìṣe, arẹwà tó ń sọ pé "actually" kó tó kí bàbá ẹ̀ káàárọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan tún àdúrà ẹlòmíràn ṣe kí ìjọ tó ṣe àmín, ẹ má wádìí. Èmi ni.

Mi ò kúkú parọ́ mọ́ ara mi, mo kàwé. Mo kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo yege, mo gbàwé ẹ̀rí. Àìsàn tó bá ìwé ẹ̀rí yẹn wọlé ni mi ò rí oògùn ẹ̀. Bí etí mi bá ti gbọ́ àṣìsọ báyìí, ara á máa yún mi bí ẹni tó jókòó lé wèrèpè.

Lọ́jọ́ kan, Gbénga ọlọ́kadà gbé mi láti ọjà. A ò tíì dé àárín ọ̀nà tó fi ní, "Aunty, I will drop you and be coming to go." Mo ní kó dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti igi máńgòrò kan lábẹ́ oòrùn, mo sì ń la ọ̀rọ̀ náà yé e, mo ń fi ìka ka kókó ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, Gbénga ti lọ. Gírámà mi pé, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èmi ni baálẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "marry". Ìgbéyàwó kì í wọ́n ní Ìlá, àwọn tó máa ń fi ẹnu tú ọ̀rọ̀ náà fọ́ kò sì wọ́n. Wàsílátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní òdìkejì ilé wa, ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ tẹ̀.

"Fọlákẹ́, yọ̀ fún mi o! Next year, I will marry with Ibrahim."

"Ta ni 'with'?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ta ni 'with'? Ṣé ẹ máa jọ máa gbé ilé ọkọ ni? Wàsílátù, fetí sílẹ̀. Máàrì kì í lo alárinà. Ó ti mọ ẹni tó wù ú, tààrà ló ń lọ bá a. I will marry Ibrahim. Kò sí 'with', kò sí 'to' láàárín wọn."

"Èwo wá ni 'married to' tí mo máa ń gbọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Tó bá ti di 'get married', ojú ti ń ti ọmọ nìyẹn, ó ń wá alárinà. 'To' sì ni alárinà ẹ̀. I will get married to Ibrahim. 'With' tìẹ yẹn, mo-gbọ́-mo-yà ni. Ẹnikẹ́ni ò pè é."

Wàsílátù yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"A dúpẹ́, tíṣà. Ìwọ tí máàrì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tó báyìí, ta ló ti wá máàrì ẹ?"

Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè gírámà.

Ibi tí mo ti wá gbẹ́ kòtò ara mi ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Màmá mi jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá mi. Àwọn gan-an ló di ọwọ́ mi mú tí mo fi kọ "A" àkọ́kọ́ láyé mi. Wàsílátù wá wọn aṣọ fún mi. Bàbá Sámúẹ́lì, ògbufọ̀ ìjọ wa, náà yà kí wa nítorí ìgbéyàwó Mojísọ́lá, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Bàbá Sámúẹ́lì yìí ti ń túmọ̀ ìwàásù Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Lọ́dún tó kọjá ni oníwàásù kan sọ pé ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa "is on fire for the Lord". Bàbá Sámúẹ́lì fi gbogbo ohùn ké e: "Iná ń jó arábìnrin yìí nítorí Olúwa!" Àwọn ìyá ìjọ gbé omi dé. Ta ló fi fóònù ká a sílẹ̀? Èmi ni. Ta ló gbé e sórí Wásáàpù? Èmi náà ni. Ta ló wá lọ bá pásítọ̀ wa pé ó tó àkókò kí àwọn ọ̀dọ́ gba máìkì? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa dárúkọ ara mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Bí wọ́n ṣe fún mi ní máìkì ìgbéyàwó Mojísọ́lá nìyẹn. Táíwò, ọkọ ìyàwó, ń ṣiṣẹ́ ní Úyò, oníwàásù tó sì máa so wọ́n pọ̀ ń ti ọ̀hún bọ̀. Yorùbá tí ọkùnrin náà gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ọ̀sán ló sì máa ń kí i.

Ọ̀rọ̀ oníwàásù yìí là ń sọ lọ́wọ́ tí Màmá mi fi rẹ́rìn-ín, tí wọ́n rántí ìgbà ọ̀dọ́ wọn, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́: "It was Reverend Ọládùnní that married me. And how it rained that day!"

Mo fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.

"Mọ́mì! Rẹ́fúrẹ́ndì Ọládùnní ló máàrì yín? Dádì wa ńkọ́?"

"Àwọn náà máàrì mi."

"Ẹni méjì! Háà, Mọ́mì! Ṣé Dádì mọ̀?"

Wàsílátù fi téèpù tó fi ń wọn aṣọ bo ẹnu. Màmá mi ò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ẹ̀wà.

"Fọlákẹ́mi, ẹni tó bá gbé ìyàwó ti máàrì ìyàwó ẹ̀. Pásítọ̀ tó bá so wọ́n pọ̀ náà ti máàrì wọn. Ilé méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn ní."

"Mọ́mì, Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà tí wọ́n ń fi gílóòbù tan iná nìyẹn o. Ẹni tó bá máàrì èèyàn ti di ọkọ ẹ̀. Ó tán."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú gbangba! Bí ẹnikẹ́ni bá fi hàn mí pé máàrì ní ilé kejì, màá dá máìkì padà fún Bàbá Sámúẹ́lì níwájú gbogbo ìjọ, màá sì lọ jókòó ti àwọn ọmọ Sọ́ńdè sùkúù."

Bàbá Sámúẹ́lì tún fìlà wọn dé. "Mo gbọ́ o. Wàsílátù, ìwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́ dáadáa, sà," ni Wàsílátù wí. Ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Màmá mi ju òkúta ẹ̀wà kan sí àgbàlá. "A ó máa wò ó."

Ìwé atúmọ̀ èdè wà lórí fóònù mi. Ìka kan péré ni n bá fi tẹ̀ ẹ́. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ṣé ọba máa ń ránṣẹ́ lọ bi ará ìlú bóyá òun lọba?

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Mo wọ bàtà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì: kò, kò, kò, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi pẹpẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Bàbá kékeré, bàbá Mojísọ́lá, ti gbé kòkó àti obì jù sílẹ̀ lóko wọn lápá ọ̀nà Ire, wọ́n jókòó síwájú pátápátá. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí èmi fúnra mi fi agídí kọ́ wọn lọ́jọ́ ìdána. Wọ́n sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Orí ẹ̀ pé." Mo gbọ́. Mo fẹ̀ sí i.

Rẹ́fúrẹ́ndì láti Úyò dìde, ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ìyàwó wọn, Màmá Zipporah, jókòó ní ìlà iwájú lápá kejì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ètò fi wọ́n han ìjọ: "He is married with four children."

"With"! Mo-gbọ́-mo-yà náà ló tún dé yìí! Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayọ̀ ni, mo forí jì í. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà: "Ó gbé ìyàwó pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin."

Ìyá arúgbó kan lẹ́yìn bèèrè pé, "Àwọn ọmọ ta ni?"

Rẹ́fúrẹ́ndì ti bẹ̀rẹ̀.

"My people, I love marriage!"

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn ìgbéyàwó!"

"Àmín!"

"I have married many beautiful sisters!"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ta ni mo fẹ́ tàn? Ó yé mi kedere bí omi inú àwo. "Mo ti so ọ̀pọ̀ arábìnrin pọ̀ mọ́ ọkọ wọn," ó ti dé ètè mi. Ni mo bá ṣèèṣì wo ìlà kẹta. Màmá mi ká ọwọ́ lé itan, wọ́n gbé ìpéǹpéjú kan sókè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ọmọ kíláàsì bá ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tí kò tíì kọ nǹkan kan. Bàbá Sámúẹ́lì ló jókòó tì wọ́n. Wọ́n ti la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún, bí ẹni tó ń retí ẹrù.

Ẹ̀rí ọkàn mi ní, "Fọlákẹ́mi, sọ òótọ́." Ìgbéraga mi ní, "Kí wọ́n wá fi ọ́ ṣẹ̀sín?" Ìgbéraga ló gba máìkì.

"Mo ti fẹ́ ọ̀pọ̀ arábìnrin arẹwà!"

Ilé dákẹ́. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń wà tí àwo bá fọ́ nílé àna.

Rẹ́fúrẹ́ndì rò pé ọ̀rọ̀ ń wọlé. "In Calabar, I married twin sisters! Same day! Same altar!"

"Ní Kàlàbá, mo fẹ́ ìbejì! Lọ́jọ́ kan náà! Níwájú pẹpẹ kan náà!"

Kẹ́hìndé, obìnrin tí wọ́n bí ní ìbejì pẹ̀lú ọkọ ìyàwó, rọra gbé báàgì ẹ̀, ó kúrò ní ìlà iwájú. Gbogbo ojú àwọn obìnrin ṣí lọ sọ́dọ̀ Màmá Zipporah. Màmá Zipporah ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "It's true!" ni wọ́n ké. "I cooked the rice!"

Ìyá ìjọ kan na áńkáṣíìfù sí wọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run ń wò ó o."

"Thank you," ni Màmá Zipporah wí. Wọ́n fi nu òógùn.

Ìgbà yẹn ni ìjọ pín sí méjì. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìwé orin bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Àwọn tí kò gbọ́ ọ ń ká apá aṣọ. Mo rí fóònù Wàsílátù tó ga sókè lẹ́yìn bí ọ̀pá àsíá.

"But the hardest one," ni Rẹ́fúrẹ́ndì wí, ohùn wọn sì rọ̀, "was last December, when I married my own daughter. I wept."

Mo wo àjà. Mo wo bàtà mi. Yorùbá pọ̀ nílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ: mo fi ọmọ mi fọ́kọ, mo sin ọmọ mi lọ sílé ọkọ. Mo tún wo ìlà kẹta. Màmá mi ti gbé ìpéǹpéjú kejì sókè.

"Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, mo fẹ́ ọmọ bíbí inú mi. Mo sunkún."

"Èèwọ̀!"

"Ó yẹ kó sunkún!"

Arúgbó ẹ̀yìn tún dá sí i: "Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn ni?"

Rẹ́fúrẹ́ndì rí àwọn tó ń yí gbiri nínú ẹ̀rín, wọ́n rí àwọn tó dìde tó ń nawọ́, wọ́n gbà pé Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlá. Wọ́n fò, wọ́n jó yípo pẹpẹ. "I feel the power in this place! And today, with joy in my heart, I will marry Mojisola!"

Kò sí ohun tí mo fẹ́ túmọ̀ mọ́. Bàbá kékeré ti gbọ́ orúkọ ọmọ wọn, wọ́n sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ́ wọn. Wọ́n ti bọ́ sí iwájú pẹpẹ, wọ́n di ìyàwó mú lọ́wọ́.

"Mojísọ́lá, ó yá, ilé! Mi ò fi òógùn oko tọ́ ọ fún ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ara ẹ̀."

Táíwò dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ìwọ dákẹ́! Wọ́n ń gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ, o ń dọ̀bálẹ̀!"

Pásítọ̀ wa ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ wọn. Ọwọ́ mi ni máìkì wà. Bàbá kékeré ń fa ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó, Táíwò di ọwọ́ òsì mú láti ilẹ̀. Mojísọ́lá yí ojú sí mi. Omijé ti la ọ̀nà méjì nínú páúdà ẹ̀.

"Àǹtí Fọlákẹ́," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ wò ó, mo fẹ́ràn gírámà mi, ṣùgbọ́n mo pọn ọmọ yìí dàgbà. Mo gbé máìkì sẹ́nu. Ó ké wíì, bí ẹni pé òun náà ti ń retí ẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Rẹ́fúrẹ́ndì ò fẹ́ ẹnikẹ́ni láyé yìí yàtọ̀ sí Màmá Zipporah. Gbogbo àwọn tí wọ́n ní àwọn máàrì, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ọkọ wọn ni."

Bàbá kékeré ò tíì jọ̀wọ́ ọwọ́. "Ọmọ wọn ńkọ́?"

"Wọ́n so òun náà pọ̀ mọ́ ọkọ ẹ̀ ni, sà. Ẹkún ayọ̀ ni wọ́n sun."

"Àwọn ìbejì ńkọ́?"

"Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ wọn, sà."

"Ìyàwó tó kó ọmọ mẹ́rin wá ńkọ́?" Arúgbó ẹ̀yìn nìyẹn.

"Àwọn tọkọtaya ló jọ bí wọn, màmá."

Bàbá kékeré wò mí bí ẹni tó ra iṣu tó bá ẹ̀gẹ́ lábẹ́ aṣọ. "Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé ẹni tó bá máàrì ènìyàn ti di ọkọ ẹ̀?"

"Mo ṣì yín kọ́ ni, sà."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, a gbọ́ ọ dé ọjà.

Bàbá kékeré jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ wọn, ó sì yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan dìde ní ìlà kẹta, ó rọra na ìró ẹ̀.

"Fọlákẹ́mi."

"Mà."

"Ta ló máàrì mi?"

Mo gbé itọ́ mì, máìkì gbé e jáde.

"Rẹ́fúrẹ́ndì Ọládùnní ló máàrì yín, mà."

"Dádì rẹ ńkọ́?"

"Àwọn náà máàrì yín, mà."

"Ẹni mélòó ló wá jẹ́?"

"Ẹni méjì, mà."

Láti àárọ̀, bàbá mi ò dá sí nǹkan kan. Wọ́n dìde láàárín àwọn alàgbà, wọ́n ṣí fìlà sí gbogbo ìjọ. "Mo mọ̀ o," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó.

Kí n má tàn yín, kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù lórí àga. Bàtà mi tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àbọ̀: kò, kò, kò, láti pẹpẹ dé ìlà kẹta. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé máìkì lé àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Sámúẹ́lì tó ti là sílẹ̀ látìgbà náà. Lẹ́yìn náà mo kọjá sí apá àwọn ọmọ Sọ́ńdè sùkúù. Bẹ́ǹṣì wọn kúrú débi pé orúnkún mi ń bá àgbọ̀n mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n so Mojísọ́lá àti Táíwò pọ̀, ó sì dùn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe oore-ọ̀fẹ́ ni pásítọ̀ wa tó rí àyè la gbogbo ẹ̀ yé Rẹ́fúrẹ́ndì. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di pẹpẹ mú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí bẹ́ǹṣì kúkúrú, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"My daughter, don't worry. The day you find a husband, call me. I will marry you, free of charge!"

Bàbá Sámúẹ́lì ò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n tún kọ́là aṣọ wọn ṣe, wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín ẹni tí iná ti jó rí nítorí Olúwa.

"Rẹ́fúrẹ́ndì ní kó o má ṣe ìyọnu. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó o bá rí ọkọ, kó o pe àwọn. Wọ́n ní àwọn á fẹ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́!"

Mo la ẹnu. Àtúnṣe náà wà lórí ahọ́n mi, ó pé, ó dán. Mo wo ìlà kẹta. Mo pa ẹnu dé.

"Àmín," ni mo wí.

Fídíò Wàsílátù ti délé kí n tó délé. Gbénga ọlọ́kadà ló gbé mi, ó sì ti wò ó. Ó ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Aunty, is it true that you are marrying with Reverend?"

With! Ara yún mi. Ẹnu yún mi. Mo wo oòrùn. Mo wo igi máńgòrò ìjọ́sí tí a ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo di Gbénga mú dáadáa.

"Máa wakọ̀ lọ, jọ̀ọ́," ni mo wí.